Nígbà tí ayàwòrán ilé bá ní “sustainable” ni iṣẹ́ òun, kí ló ń sọ gan-an?

Ẹ̀gbọ́n mi kan fẹ́ kọ́lé sí Akóbọ̀ n'Íbàdàn. Lóṣù tó kọjá, ó fi ìwé kan ṣọwọ́ sí mi lórí WhatsApp. Ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé tó fẹ́ gbéṣẹ́ fún ló kọ ìwé náà, ojú ewé mẹ́jọ gbáko. Lójú ewé kejì, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbàgadagba pé “sustainable design” ni àwọn gbé iṣẹ́ àwọn lé, àwọn ò sì ní yẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi wá fi ohùn tẹ̀lé e: “Àbúrò mi, ìwọ lo máa ń kàwé nípa nǹkan báyìí. Kí ni wọ́n ń wí? Ṣé sólà ni wọ́n fẹ́ tà fún mi ni, àbí ilé alámọ̀ ni wọ́n fẹ́ kọ́ fún mi?”

Ìbéèrè gidi ni. Ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn ti wà lẹ́nu gbogbo ilé-iṣẹ́ ayàwòrán ilé báyìí, láti Lọ́ńdọ̀nù dé Lẹ́kí, bẹ́ẹ̀ ohun tí oníkálukú ń pè bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra. Òmíràn ń sọ̀rọ̀ iná, òmíràn ń sọ̀rọ̀ sìmẹ́ǹtì, òmíràn kàn gbin òdòdó síwájú ilé ni. Mo jókòó láti dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn, àlàyé náà sì gùn ju ohun tí WhatsApp lè gbà lọ. Òun nìyí.

Gbèsè méjì tí ilé ń jẹ

Ẹ jẹ́ ká ti ibi tó rọrùn jù bẹ̀rẹ̀. Ilé máa ń jẹ ayé ní gbèsè lọ́nà méjì. Gbèsè kìíní ni èyí tó ti jẹ kí ẹnikẹ́ni tó kó wọ inú rẹ̀: epo tí katakata jó nídìí ìpìlẹ̀, iná tí wọ́n fi yọ́ irin rọ́ọ̀dù, èéfín tó jáde níbi tí wọ́n ti ń sun sìmẹ́ǹtì, epo tí tírélà fi gbé gbogbo rẹ̀ wá. Gbèsè kejì ni èyí tó ń jẹ lójoojúmọ́ ní gbogbo ọdún tí èèyàn fi ń gbé inú rẹ̀: AC, fáànù, ẹ̀rọ tó ń fa omi, gílóòbù tó ń tàn lọ́sàn-án gangan nítorí pé yàrá ṣókùnkùn. Ẹni tó bá ti ra mọ́tò rí mọ ìyàtọ̀ yìí. Owó tí a fi rà á lọ́tọ̀, owó epo lọ́tọ̀.

Ohun tí gbèsè méjèèjì já sí ni gáàsì kábọ́ọ̀nù tó ń gòkè lọ sínú afẹ́fẹ́, tó ń há ooru mọ́ ayé. Nínú ìṣirò tí UNEP, ẹ̀ka Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó ń rí sí àyíká, ṣe fún ọdún 2021, ilé gbígbé àti ilé kíkọ́ ló fa nǹkan bí ìdá 37 nínú 100 gáàsì kábọ́ọ̀nù tó ti ara epo, iná àti iṣẹ́ ilé-iṣẹ́ bíi ti sìmẹ́ǹtì jáde lágbàáyé. Ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo rẹ̀. Èyí ló fi jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ayàwòrán ilé ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ẹwà nìkan.

Nítorí náà, bí ilé-iṣẹ́ kan bá ní sustainable ni iṣẹ́ òun, ohun tó yẹ kó máa sọ ni pé: a ó yàwòrán ilé yìí débi pé gbèsè rẹ̀ méjèèjì á kéré, a ó sì lè fi iye rẹ̀ hàn yín. Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló le jù, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ti ń sá.

Ibi tí ilé kọjú sí

Mo ti gbé yàrá kan rí ní Bódìjà tí fèrèsé rẹ̀ tóbi bí ilẹ̀kùn, tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn. Tó bá ti di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ògiri yẹn á gbóná débi pé èèyàn ò ní lè fara tì í. Fáànù kàn ń gbé ooru yí mi ká ni. Ilé náà dùn ún wò láti ìta, gbogbo ojú rẹ̀ ló jẹ́ gíláàsì aláwọ̀ búlúù, ṣùgbọ́n ẹni tó yàwòrán rẹ̀ kò béèrè ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí.

Nílẹ̀ wa níbí, oòrùn ọ̀sán máa ń ga lókè wa lọ́dún yípo, nítorí náà òrùlé ló ń gbà á. Oòrùn àárọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ ló ń rẹlẹ̀, tó ń gba ojú fèrèsé wọlé tààrà, tí etí òrùlé kò lè dá dúró. Ògiri tó kọjú sí ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ló ń jìyà jù. Ohun tó yẹ, tí kì í sì í fi kọ́bọ̀ kún owó ilé bí ilẹ̀ bá gbà á, ni kí ẹ̀gbẹ́ ilé tó gùn kọjú sí àríwá àti gúúsù, kí ẹ̀gbẹ́ tó kúrú gba ìlà àti ìwọ̀ oòrùn. Ibi tí a kì í pẹ́ sí, bí àtẹ̀gùn àgbékà, ilé ìwẹ̀ àti yàrá ìkẹ́rùsí, ni kó wà ní ìwọ̀-oòrùn, kó fi ara rẹ̀ ṣe asà fún yàrá tí a ń sùn. Kí yàrá ní fèrèsé ní ẹ̀gbẹ́ méjì, kí afẹ́fẹ́ tó wọlé rí ọ̀nà jáde. Fèrèsé kan ṣoṣo, bó ti wù kó tóbi tó, afẹ́fẹ́ kì í fẹ́ gba inú rẹ̀ kọjá.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ẹ lọ wo Yunifásítì Ìbàdàn, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1948. Tọkọtaya ayàwòrán ilé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Maxwell Fry àti Jane Drew, ló yàwòrán àwọn ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. AC kò tíì wọ́pọ̀ nígbà náà, nítorí náà wọ́n ní láti ro ti afẹ́fẹ́ kí wọ́n tó fa ìlà kankan. Ilé tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n yà, tí afẹ́fẹ́ lè ti ẹ̀gbẹ́ kan wọlé kó gba èkejì jáde. Wọ́n fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ ṣíji bo ògiri, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù onihò dí ojú oòrùn láìdí ti afẹ́fẹ́. Ẹni tó bá ti jókòó kàwé rí ní Ilé Ìkàwé Kenneth Dike mọ ohun tí mò ń sọ.

Ẹ jẹ́ ká fi owó wò ó, nítorí pé owó ni ẹ̀gbọ́n mi máa béèrè. Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tó wà ní Band A, ìyẹn àwọn tí iná wọn ń pẹ́ jù, sí ₦225 fún yúnìtì kan. AC 1.5 HP ń jẹ yúnìtì kan lé díẹ̀ ní wákàtí kan tó bá ń ṣiṣẹ́ láìsinmi. Ká ní wákàtí mẹ́jọ lóru, ká pè é ní yúnìtì 9. Ní iye ìgbà náà, ó di ₦2,025 lóru kan, ó sì lé ní ₦60,000 lóṣù, fún yàrá kan ṣoṣo. AC tó bá ń sinmi láàárín á jẹ kéré sí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ ti ń mu ooru láti ọ̀sán, ta ló máa jẹ́ kó sinmi? Ìlà tí ayàwòrán ilé fà sórí ìwé lówùúrọ̀ ọjọ́ kan ni yóò máa gba owó yẹn lọ́wọ́ yín fún ọgbọ̀n ọdún.

Ìdí nìyí tí sólà fi ń gbẹ̀yìn nínú iṣẹ́ yìí. Ẹni tí ìkòkò rẹ̀ ń jò, dídí ihò ló kàn án kó tó tún pọnmi. Ilé tí kò fẹ́ AC púpọ̀, sólà kékeré àti bátìrì kékeré tó o. Ilé gíláàsì tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn á gbé sólà bo gbogbo òrùlé, AC á sì tún jẹ ẹ́ tán kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí ayàwòrán ilé bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ láti orí sólà, ẹ ní kó padà sí ibi tí oòrùn ń wọ̀ sí.

Òkúta Ewékorò

Gbèsè kìíní ló ṣòro láti fojú rí, nítorí pé ó ti wọlé kí a tó kó ẹrù wa wọlé. Sìmẹ́ǹtì àti irin ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Irin ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀ ná.

Bí ẹ bá ti Èkó gba ojú ọ̀nà àtijọ́ lọ sí Abẹ́òkúta, ẹ ó kọjá ní Ewékorò, níbi tí ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ti ń ṣiṣẹ́ láti 1960. Òkúta ẹfun ni wọ́n ń wà nílẹ̀ níbẹ̀. Wọ́n á lọ̀ ọ́ pọ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n á dà á sínú iná ìléru tí ooru rẹ̀ tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nínú iná yẹn, òkúta ẹfun máa ń tú sí méjì. Apá kan á kù tí wọ́n á fi ṣe sìmẹ́ǹtì. Apá kejì ni gáàsì kábọ́ọ̀nù tó ti wà nínú òkúta náà láti ayébáyé, òun á sì fò lọ. Ẹ ṣàkíyèsí pé gáàsì yìí yàtọ̀ sí èéfín epo tàbí èédú tí wọ́n fi dáná. Inú òkúta fúnra rẹ̀ ló ti wá, ó sì lé ní ìdajì gbogbo gáàsì tí iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ń tú jáde. Bí wọ́n bá tilẹ̀ rí iná tí kò ní èéfín rárá fi sun ún, òkúta á ṣì tú ti ara rẹ̀. Ìdí nìyí tí sìmẹ́ǹtì nìkan fi ń fa nǹkan bí ìdá 7 sí 8 nínú 100 gbogbo gáàsì kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń tú sínú afẹ́fẹ́.

Ayàwòrán ilé lè ṣe púpọ̀ sí èyí, nítorí pé òun ló ń pinnu iye àpò tí a ó lò. Bí òpó kò bá jìnnà síra jù, dẹ́kìn á fẹ́lẹ́. Bí ògiri òkè bá jókòó lórí ògiri ìsàlẹ̀, bíìmù á dín kù. Ẹ wo àwọn ilé tuntun tí òpó ràgàjì mẹ́rin dúró níwájú wọn tí wọn ò sì gbé nǹkan kan. Àpò sìmẹ́ǹtì tó lè kọ́ yàrá míì ló wà nínú wọn.

Ó tún lè yan ohun èlò míì. Demas Nwoko ti ń ṣe é kí ọ̀rọ̀ òyìnbó yẹn tó gbòde. Ọmọ Idumuje-Ugboko ni, wọ́n bí i ní 1935, oníṣẹ́ ọnà tó wá di akọ́lé ni, Ìbàdàn ló sì ti ṣe púpọ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀. Ó po ilẹ̀ pupa, irú èyí tó ń di yangí, mọ́ sìmẹ́ǹtì, ó fi ṣe búlọ́ọ̀kù, ó sì pè é ní “latcrete”. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ni ilé ìsìn àwọn Dominican ní Sámọ́ńdà, tó yà láwọn ọdún 1970. Ní 2023, wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Kìnnìún Wúrà níbi ìpàtẹ ńlá àwọn ayàwòrán ilé ní Venice, nílẹ̀ Ítálì, fún iṣẹ́ gbogbo ìgbésí ayé rẹ̀. Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọmọ Ìbàdàn ń gba iwájú ọgbà yẹn kọjá tí wọn ò mọ ohun tó wà níbẹ̀.

Ilé ìwé Gando

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi mọ̀ jù lọ ni Francis Kéré. Abúlé Gando ní Burkina Faso ni wọ́n ti bí i ní 1965. Kò sí ilé ìwé ní Gando, nítorí náà ọmọ ọdún méje ni nígbà tó kúrò nílé lọ kàwé ní Tenkodogo, nínú kíláàsì tó há, tó gbóná bí ààrò. Ó kọ́ṣẹ́ káfíńtà, ó rí ẹ̀bùn ẹ̀kọ́ gbà lọ sí Jámánì, ó sì wọ yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ní Berlin láti kọ́ iṣẹ́ ayàwòrán ilé. Kò tíì gboyè tó fi bẹ̀rẹ̀ sí kó owó jọ láti kọ́lé ìwé fún abúlé rẹ̀. Ilé ìwé náà parí ní 2001.

Nígbà tó sọ fún àwọn ará Gando pé amọ̀ lòun fẹ́ lò, wọn ò kọ́kọ́ gbà. Wọ́n ti rí bí òjò ṣe ń wó ilé amọ̀. Èèyàn á ti Jámánì dé, amọ̀ ni yóò tún fi kọ́lé? Ohun tí Kéré ṣe ni pé ó wá gbogbo ibi tí amọ̀ ti ń kùnà, ó sì dí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó po sìmẹ́ǹtì díẹ̀ mọ́ amọ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ tí a ń fọwọ́ tẹ̀ sọ ọ́ di búlọ́ọ̀kù. Ó ṣe ìpìlẹ̀ tó dáa kí ọ̀rinrin ilẹ̀ má baà fà gòkè. Ó na òrùlé jáde kọjá ògiri dáadáa kí òjò má baà kan amọ̀ náà.

Òrùlé yẹn ló yẹ ká dúró lé lórí. Gbogbo wa la mọ yàrá abẹ́ páànù lọ́sàn-án. Páànù ń gba oòrùn, ó ń gbóná, ó sì ń da ooru náà lé ẹni tó wà nísàlẹ̀ lórí. Kéré gbé páànù sókè kúrò lára ilé, ó fi irin tẹ́ẹ́rẹ́, irú rọ́ọ̀dù tí bíríkìlà ń lò, gbé e dúró. Lábẹ́ rẹ̀, ó fi búlọ́ọ̀kù amọ̀ ṣe àjà, ó sì fi àlàfo sáàárín wọn. Ooru inú kíláàsì á gòkè, á gba àlàfo àjà jáde. Afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ láàárín àjà àti páànù á gbá a lọ, á sì gbá ooru páànù fúnra rẹ̀ mọ́ ọn. Afẹ́fẹ́ tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ á gba ojú fèrèsé wọlé láti rọ́pò èyí tó jáde. Kò sí ẹ̀rọ níbẹ̀, kò sí iná, kò sí owó tí ẹnikẹ́ni ń san lóṣooṣù.

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ rántí ilé bàbá wa àgbà. Àjà amọ̀ wà láàárín yàrá àti òrùlé, wọ́n fi igi tẹ́ ẹ, wọ́n rẹ́ amọ̀ lé e, wọ́n ń kó àgbàdo pamọ́ sórí rẹ̀. Àjà yẹn ló ń gba ooru kí ó tó kan ẹni tó sùn sí yàrá. A yọ ọ́ nígbà tí páànù dé, a fi pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ rọ́pò rẹ̀, a ò sì béèrè iṣẹ́ tó ń ṣe níbẹ̀. Kéré béèrè.

Àwọn ará abúlé fúnra wọn ló gbé òkúta, tí wọ́n pọnmi, tí wọ́n tẹ búlọ́ọ̀kù, tí àwọn obìnrin lu ilẹ̀ yàrá títí ó fi dán. Nítorí náà, bí ibì kan bá là, wọ́n mọ bí wọ́n ṣe máa tún un ṣe. Èmi ka èyí mọ́ ìtumọ̀ sustainable: ilé tí ẹni tó ń gbé inú rẹ̀ lè tọ́jú, tí kò ní láti máa dúró de ohun èlò tàbí oníṣẹ́ láti òkè òkun. Kéré gba ẹ̀bùn Aga Khan fún iṣẹ́ ayàwòrán ilé ní 2004, ó dá ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀ ní Berlin ní 2005, ó sì gba Pritzker, ẹ̀bùn tó lókìkí jù fún ayàwòrán ilé lágbàáyé, ní 2022. Òun ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gbà á.

Ìlérí tó ní nọ́ńbà

Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ kò kún agbọ̀n. Báwo wá la ṣe ń mọ ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe ohun tó ń sọ? Ẹ jẹ́ kí n fi ìlérí méjì tí àwọn ayàwòrán ilé ṣe ní gbangba hàn yín.

Ní Amẹ́ríkà, ayàwòrán ilé kan tó ń jẹ́ Edward Mazria gbé ìpè kan jáde ní 2006. Ó ní kí ilé tuntun máa jẹ iná tó kéré sí ti irú ilé bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀: kó dín ní ìdá 60 nínú 100 ní 2010, ìdá 70 ní 2015, ìdá 80 ní 2020, ìdá 90 ní 2025. Tó bá di 2030, kí ilé tuntun máa ṣiṣẹ́ láìtú gáàsì kábọ́ọ̀nù kankan jáde. Ní 2009, AIA, ẹgbẹ́ àwọn ayàwòrán ilé Amẹ́ríkà, fi ìpè náà ṣe ìlérí tí ilé-iṣẹ́ lè tọwọ́ bọ̀. Ẹni tó bá tọwọ́ bọ̀ ọ́ á máa ṣe ìṣirò iná tí ilé tó ń yà máa jẹ, á sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ lọ́dọọdún. Gbogbo iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni yóò kà, àwọn tí kò dára pẹ̀lú.

Ẹ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀? Nígbà tí 2020 dé, tí ó yẹ kí wọ́n wà ní 80, àpapọ̀ gbogbo wọn kò ju nǹkan bí ìdajì lọ. Àwọn kan á ní ìlérí náà kùnà. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. A mọ̀ pé wọn ò tíì débẹ̀ nítorí pé wọ́n ń ka ìṣísẹ̀ wọn. Ilé-iṣẹ́ tó wí fún yín pé “a fẹ́ 80, 50 la rí, ìdí rẹ̀ nìyí” ti ṣe yín lóore ju èyí tó kàn ya ewé sí ara ìwé rẹ̀ lọ. Àbùkù kan wà níbẹ̀ ṣá: nọ́ńbà tí kọ̀ǹpútà sọ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ń kà, ó sì ṣeé ṣe kí mítà iná sọ ọ̀tọ̀ nígbà tí èèyàn bá kó wọlé.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní oṣù karùn-ún ọdún 2019, ilé-iṣẹ́ 17 tó ti gba Stirling rí, ẹ̀bùn ńlá àwọn ayàwòrán ilé níbẹ̀, tọwọ́ bọ ìkéde kan tí wọ́n ń pè ní Architects Declare. Wọ́n ní ayé ti wà nínú ewu, àwọn yóò sì yí iṣẹ́ àwọn padà. Ọgọ́ọ̀rọ̀ ilé-iṣẹ́ míì tẹ̀lé wọn. Ìkéde náà kò ní nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́ lọ́dọọdún. Ní oṣù kejìlá ọdún 2020, Foster + Partners, ọ̀kan nínú àwọn 17 náà, yọ orúkọ rẹ̀ kúrò, Zaha Hadid Architects sì tẹ̀lé e. Ọ̀rọ̀ pápákọ̀ òfúrufú ló dá ìjà sílẹ̀: ṣé ẹni tó tọwọ́ bọ irú ìkéde bẹ́ẹ̀ ṣì lè máa yàwòrán pápákọ̀ òfúrufú? Foster ní kò sí ohun tó burú níbẹ̀, pé ọkọ̀ òfúrufú náà nílò ilé tó dára fún àyíká. Àwọn tó kù ní ẹnu àti iṣẹ́ kò bára mu.

Èmi ò lè dá ẹjọ́ pápákọ̀ fún wọn. Ṣùgbọ́n ìjà yẹn fi ìbéèrè tó dára jù lọ hàn mí, ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni lè bi ilé-iṣẹ́ tó bá wá pẹ̀lú ìlérí: iṣẹ́ wo ni ìlérí yìí máa mú kí ẹ kọ̀?

Ní ti ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún ilé tó bá pegedé, mi ò ní pẹ́ níbẹ̀. LEED ti Amẹ́ríkà, BREEAM ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1990, àti EDGE tí IFC, ẹ̀ka Báńkì Àgbáyé, dá sílẹ̀ ló gbajúmọ̀ jù. Heritage Place ní Ìkòyí wà lára àwọn ilé ọ́fíìsì tó kọ́kọ́ gba LEED ní Nàìjíríà. Ti EDGE ló rọrùn jù fún wa láti lóye: kí ilé dín iná, omi, àti gbèsè kìíní tó wà nínú ohun èlò kíkọ́ kù ní ìdá 20 nínú 100, ó kéré tán, sí irú ilé bẹ́ẹ̀ ní àdúgbò kan náà. Ẹni tó ń kọ́lé gbígbé kò ní láti gba ìwé ẹ̀rí kankan. Nọ́ńbà mẹ́ta yẹn ló wúlò fún un, kó bi ayàwòrán ilé rẹ̀ pé mélòó ni tiwa nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nàìjíríà náà ti ní ìlànà tirẹ̀ lórí iná lílò nínú ilé láti 2017, ó yẹ kí ayàwòrán ilé tó bá mọṣẹ́ ti kà á.

Ohun kan tún kù tí ìwé ẹ̀rí kì í fi bẹ́ẹ̀ wò, ìyẹn ni pípẹ́ ilé. Ní 2013, ilé-iṣẹ́ NLÉ ti Kunlé Adéyẹmí kọ́ ilé ìwé tó léfòó lórí omi sí Màkókò. Gbogbo ayé ló yìn ín, ó sì tọ́ sí ìyìn, nítorí pé ó bi wá léèrè bí ìlú etí omi ṣe máa wà láàyè bí omi bá ń gòkè. Ní oṣù kẹfà ọdún 2016, òjò ńlá wó o lulẹ̀. Kò sí ẹni tó farapa, wọ́n ti kó àwọn ọmọ kúrò níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ilé ìdánwò ni, kò sì yẹ ká fi ṣẹ̀sín. Ṣùgbọ́n gbèsè kìíní tí mo sọ lókè, ọdún tí ilé fi dúró la fi ń pín in. Ilé tó dúró fún 100 ọdún, gbèsè rẹ̀ lọ́dọọdún kéré. Èyí tí a wó lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, a ó tún jẹ òmíràn lé e.

Èyí ló fà á tí Anne Lacaton àti Jean-Philippe Vassal ní Faransé fi máa ń kọ̀ láti wó ilé. Ní Bordeaux, ilé ńlá mẹ́ta tí wọ́n kọ́ láwọn ọdún 1960 wà níbẹ̀, ìdílé 530 ló lè gbé inú wọn. Dípò kí àwọn àti akẹgbẹ́ wọn wó wọn, wọ́n fi yàrá onígíláàsì kún ojú ilé kọ̀ọ̀kan láti ìta, ilé gbogbo èèyàn fẹ̀ sí i, ó sì mọ́lẹ̀ sí i, àwọn ayálégbé kò sì kó jáde nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Àwọn méjèèjì gba Pritzker ní 2021. Nígbà míì, ìdáhùn ayàwòrán ilé tó láyà ni pé ẹ má kọ́ òmíràn.

Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi

Mo ní kó bi wọ́n ní ohun márùn-ún. Níbo ni oòrùn ìrọ̀lẹ́ máa wọ̀ sí lára ilé yìí, kí ló sì wà níbẹ̀? Yàrá mélòó ló lè wà láìsí AC ní oṣù kẹta, nígbà tí ooru bá le jù? Àpò sìmẹ́ǹtì mélòó ni ilé náà máa jẹ, ibo la sì ti lè dín in kù? Ta ló máa tún un ṣe bí nǹkan kan bá bàjẹ́? Ìkẹyìn, ṣé wọ́n máa padà wá wo ìwé iná òun lẹ́yìn ọdún kan?

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá kí wọ́n tó dáhùn. Wọ́n dáhùn mẹ́ta kedere. Ní ti sìmẹ́ǹtì, wọ́n ní ẹni tó ń ṣe ìṣirò ohun èlò kò tíì parí. Ní ti pípadà wá lẹ́yìn ọdún kan, wọ́n ní kò sí oníbàárà tó béèrè bẹ́ẹ̀ rí, ṣùgbọ́n àwọn máa wá. Àwòrán tuntun tẹ̀lé ìdáhùn náà. Wọ́n ti yí ilé padà lórí ilẹ̀, àtẹ̀gùn àgbékà àti ilé ìwẹ̀ ti bọ́ sí ìwọ̀-oòrùn, yàrá ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi sì ti ní fèrèsé méjì. Òpó mẹ́rin ṣì wà níwájú ilé. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun fẹ́ràn wọn. Mo ń lọ bá a ní Sátidé, a ó jọ sọ ọ̀rọ̀ àwọn òpó yẹn.